Ààtàn Tó Di Ọgbà Ìgbafẹ́: Kí Ló Kù Sábẹ́ Koríko?

Òkè méjì kan wà létí odò Han ní ìlú Seoul, olú-ìlú South Korea, tí orí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Àtẹ̀gùn 291 ni èèyàn máa gùn kó tó dé orí ọ̀kan nínú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní Haneul Park. Èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ gan-an lóṣù Kẹwàá, nígbà tí koríko gíga tó kún orí òkè náà bá yọ òdòdó funfun. Ọlọ́run kọ́ ló dá òkè yẹn síbẹ̀ o. Pàǹtí ni. Láti ọdún 1978 títí di 1993, ohunkóhun tí ìlú ńlá náà bá jẹ kù, tó bá lò gbó, tó bá wó dànù, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o lọ, títí ilẹ̀ tó tẹ́jú tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Nanjido, fi ga tó nǹkan bíi mítà 90. Ìwọ̀n pàǹtí tó wà níbẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 90.

Lọ́dún 2002, nígbà tí South Korea àti Japan jọ gbàlejò ìdíje ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù àgbáyé, wọ́n ṣí ọgbà ìgbafẹ́ sórí òkè méjèèjì àti sí àyíká wọn, pápá bọ́ọ̀lù ńlá tí wọ́n kọ́ fún ìdíje náà sì wà nítòsí. Nígbà tó yá, àdúgbò okòwò kan tó ń jẹ́ Digital Media City dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti ti kọ̀ǹpútà kún inú rẹ̀. Bí aláṣẹ ìlú kan bá ń wá àpẹẹrẹ tó máa fi han aráàlú pé ààtàn lè di ibi ìgbádùn àti ibi ajé, Seoul kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀.

Ìdí tí irú èrò yìí fi ń wọ àwọn aláṣẹ lọ́kàn kò fara sin. Ìgbà tí wọ́n ń dá àwọn ààtàn àtijọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn odi ni wọ́n wà. Ìlú wá fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ó tún kọjá wọn lọ. Ilẹ̀ tó tó ọgọ́rùn-ún éékà ló wá jókòó sáàárín ìlú báyìí láìsí ẹni tó ń fi ṣe nǹkan kan, tí wọ́n sì ń ta ilẹ̀ kékeré tó wà lódìkejì ọ̀nà ní owó gegere. Làwọn ayàwòrán ilé bá dé. Wọ́n á ya pápá, wọ́n á ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́, wọ́n á ya ilé-ìtajà onídígí àti ọmọdé tó ń fò fáyọ̀. Mi ò tíì rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tó fi páìpù gáàsì kan ṣoṣo hàn.

Páìpù náà sì ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ báwọ̀nyí, kò sẹ́ni tó kó pàǹtí náà kúrò. Wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ ni. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ṣáájú ọgbà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, ó ń jẹrà, ó ń rì, ó ń tú gáàsì, ó ń ṣe omi. Nítorí náà, ẹni tó bá gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti gba iṣẹ́ ìtọ́jú tí kò ní tán lójú ẹ̀mí rẹ̀. Ibi tí mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: mo fara mọ́ ọ pé kí ààtàn di ọgbà, àmọ́ owó ìtọ́jú àti orúkọ ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ rí, ká tó wo àwòrán kankan.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kúkú hú u kúrò. Ibo ni wọ́n máa kó o lọ? Ilẹ̀ ẹlòmíràn náà ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ni yóò sì máa gba àárín ìlú kọjá pẹ̀lú eruku àti òórùn, tí gáàsì tó ti há sábẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún yóò máa tú síta bí wọ́n ṣe ń wa ilẹ̀. Wọ́n máa ń hú u nígbà míì, bí ilẹ̀ náà bá kéré tàbí tí kẹ́míkà tó wà nínú rẹ̀ bá burú débi pé kò ṣeé fi sílẹ̀. Òkè bíi ti Seoul kò ṣeé hú.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀?

Àkìtàn kì í kọ ìdọ̀tí, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ààtàn àtijọ́ kò sì kọ nǹkan kan lóòótọ́. Kó tó di pé òfin le lọ́pọ̀ ilẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ihò lásán ni ọ̀pọ̀ wọn, kò sí ohun tí wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀ láti gba omi dúró. Ọkọ̀ tó ru èérún oúnjẹ àti ọkọ̀ tó ru àgbá kẹ́míkà láti ilé-iṣẹ́ lè tú ẹrù sójú kan náà. Ọ̀dà, bátìrì, oògùn apakòkòrò, epo tí ẹ̀rọ ti lò gbó, asbestos látara ilé tí wọ́n wó, gbogbo rẹ̀ ló pàdé níbẹ̀. Ó sì ṣọ̀wọ́n kí ìwé kankan wà tó sọ ohun tó wọlé àti ibi tí wọ́n dà á sí. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí àwọn onímọ̀ dá ihò káàkiri, kí wọ́n bu ilẹ̀ àti omi lọ yẹ̀ wò, kí wọ́n tó lè sọ ohun tí wọ́n ń bá jà.

Òjò tó bá rọ̀ sórí ààtàn máa ń wọnú rẹ̀ lọ, á sì fọ gbogbo ohun tó bá ṣeé fọ̀ kó tó ro jáde nísàlẹ̀. Omi ẹ̀gbin yìí lè gbé òjé, arsenic, ammonia àti oríṣiríṣi kẹ́míkà dání, bí kò bá sì sí ohun tó dá a dúró, omi abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fà mu ló máa bá lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ ògiri sínú ilẹ̀ ní Nanjido, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà, kí omi ẹ̀gbin má bàa rìn wọ odò Han. Ògiri náà kò sí lójú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láìsí i kò sí ọgbà.

Ti omi tiẹ̀ ṣì dára díẹ̀, nítorí ó máa ń pẹ́ kó tó rìn jìnnà, èèyàn sì lè bu ú lọ yẹ̀ wò. Gáàsì ló yẹ kó ba ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀ lẹ́rù. Bí àwọn kòkòrò àìfojúrí bá ń jẹ pàǹtí níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, gáàsì ni wọ́n ń tú jáde: nǹkan bí ìlàjì rẹ̀ jẹ́ methane, ìyókù tó pọ̀ jù sì jẹ́ carbon dioxide. Àwọn míì tí kò pọ̀ náà wà nínú rẹ̀, bíi benzene àti vinyl chloride, tí méjèèjì lè fa àrùn jẹjẹrẹ, àti hydrogen sulphide tó máa ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Methane fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Tó bá tó ìdá 5 sí ìdá 15 nínú 100 afẹ́fẹ́ yàrá kan, iná kékeré báyìí ti tó láti mú kó bú gbàmù. Tó bá pọ̀ ju ìdá 15 lọ, kò lè gbiná níbẹ̀, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fìyẹn fọkàn balẹ̀, torí bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn pẹ́nrẹ́n tí afẹ́fẹ́ wọlé, ó ti tún padà bọ́ sáàárín ibi tó léwu nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé Loscoe, ní àgbègbè Derbyshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá rò pé bíbò nìkan ti tó. Ààtàn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti dẹ́kun lílò, tí wọ́n sì ti fi amọ̀ bo orí rẹ̀. Amọ̀ náà ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: kò jẹ́ kí gáàsì rí ọ̀nà gba òkè jáde. Gáàsì bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gba inú àwọn àpáta tó ti sán lọ sábẹ́ ilé àwọn aládùúgbò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1986, ojú ọjọ́ yí padà, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ilẹ̀ sì já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ òkè bá fúyẹ́ báyẹn, ńṣe ni gáàsì inú ilẹ̀ máa ń rú jáde. Ó kún abẹ́ ilé kan, ó rí iná, ilé náà sì fọ́ túútúú. Èèyàn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ fara pa, orí ló yọ wọ́n tí wọn ò kú. Ilé yẹn kò sí lórí ààtàn rárá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní ìlú Mountain View ní California, gbọ̀ngàn ìta gbangba kan tí wọ́n ń pè ní Shoreline Amphitheatre ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ààtàn tẹ́lẹ̀. Àwọn tó wá gbọ́ orin jókòó sórí koríko, ẹnì kan tan ìṣáná olóyinbó, iná sì yọ láti inú ilẹ̀. Ìjọba ìlú ní láti ṣe ìwádìí lórí methane tó wà lábẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n sì wá ojútùú sí i. Gbọ̀ngàn náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní, èyí tó fi hàn pé ìṣòro gáàsì ní ojútùú bí èèyàn bá tètè kà á sí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń bò ó?

Ẹni tó bá rò pé wọ́n kàn ń da yẹ̀pẹ̀ sórí rẹ̀ ni kò rò ó ibi tó dé. Wọ́n á kọ́kọ́ tún òkè náà ṣe kó lè dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí omi òjò má bàa dúró sójú kan. Wọ́n á tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tí gáàsì lè gba àárín rẹ̀ kọjá, wọ́n á gbẹ́ kànga tó wọnú pàǹtí lọ, wọ́n á ki páìpù olójú wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ á sì máa fa gáàsì náà lọ síbi tí wọ́n á ti sun ún tàbí tí wọ́n á ti lò ó. Lẹ́yìn èyí ni amọ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí rọ́bà dúdú tó gùn, tó sì fẹ̀, tó dé. Rọ́bà yìí kò nípọn ju mìlímítà kan tàbí ọ̀kan àbọ̀ lọ, òun sì ni gbogbo èèyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí rọ́bà yẹn, nítorí níbẹ̀ lèèyàn ti lè dá iṣẹ́ gidi mọ̀ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ojú ayé. Bí wọ́n bá tẹ́ ìdì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, wọ́n á jẹ́ kí etí wọn gun ara wọn, ẹ̀rọ gbígbóná á sì rìn láàárín wọn láti lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ojú ìlẹ̀ méjì tó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni ẹ̀rọ náà ń ṣe, tí àlàfo tóóró kan wà láàárín wọn. Òṣìṣẹ́ á dí ìpẹ̀kun àlàfo náà méjèèjì, á ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, á sì máa wo aago tó ń ka agbára afẹ́fẹ́ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ọwọ́ aago kò bá yẹsẹ̀, ojú ìlẹ̀ dára. Bó bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ihò wà níbì kan, wọ́n á wá a kàn, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́. Gbogbo ojú ìlẹ̀ tó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ éékà ni wọ́n ní láti dán wò báyẹn, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé náà.

Orí rọ́bà ni wọ́n ń tẹ́ ohun tó máa fa omi òjò lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni yẹ̀pẹ̀ tó mọ́, tó máa ń jin tó ìdajì mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí koríko tó dé. Òfin máa ń le lórí ohun tó lè wọ inú yẹ̀pẹ̀ yìí: wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ bó ṣe wù ú, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbin ohun jíjẹ, wọ́n sì máa ń ṣọ́ àwọn ẹranko tó ń gbẹ́ ihò. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ ri wáyà kọjá níbẹ̀, kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ilẹ̀ náà.

Pápá ṣeé ṣe, ilé ńkọ́?

Pàǹtí tó ń jẹrà ń dín kù. Láàárín ọdún díẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọdún, ààtàn lè rì tó ìdá 10 sí 30 nínú 100 gíga rẹ̀, bí ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ tó bá ṣe rí. Ìyẹn gan-an kọ́ ni wàhálà. Wàhálà ni pé kì í rì dọ́gba. Ibi tí èérún oúnjẹ pọ̀ sí á rì kíákíá, ibi tí wọ́n da bíríkì sí kò ní mira, orí ilẹ̀ náà á sì wá rí gúnnugùnnu bíi tìmùtìmù tí ẹni mẹ́ta tí ara wọn kò tóbi dọ́gba jókòó lé. Pápá bọ́ọ̀lù lè fara da èyí: wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n á tún un tẹ́. Ilé kò lè fara dà á.

Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé alájà lórí rẹ̀, wọ́n ní láti gbá òpó gígùn gba inú pàǹtí kọjá títí dé ilẹ̀ líle. Òpó á gbé ilé dúró lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ tó yí ilé ká á máa rì lọ. Láàárín ọdún mélòó kan, ẹnu ọ̀nà á ga ju ọ̀nà lọ, páìpù omi àti ti ẹ̀gbin á já níbi tí wọ́n ti wọlé. Òpó kọ̀ọ̀kan tún jẹ́ ojú ihò nínú rọ́bà tí wọ́n fi owó iyebíye tẹ́, gáàsì sì fẹ́ràn láti máa bá ara òpó gòkè. Nítorí náà, irú ilé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní rọ́bà tirẹ̀ lábẹ́ ìpìlẹ̀, àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lábẹ́ ilé, àti ẹ̀rọ tó máa ké bí methane bá wọlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ náà nítorí pé ariwo rẹ̀ ń dí òun lọ́wọ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ pé èèyàn máa ń ṣe.

Kò túmọ̀ sí pé okòwò kò lè wọ ibẹ̀. Ilé-ìtajà ńlá Jersey Gardens, ní ìlú Elizabeth ní New Jersey, ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1999 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ààtàn tẹ́lẹ̀. Ní Woburn ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ilẹ̀ Industri-Plex tó fẹ̀ tó éékà 245, tí arsenic àti àwọn kẹ́míkà míì látọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà àti ti awọ ti bà jẹ́, wà lára àwọn ilẹ̀ tó burú jù tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ sínú ìwé ní ọdún 1983. Lónìí, ilé-ìtajà, ọ́fíìsì àti ibùdókọ̀ rélùwéè ló wà lórí rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fọgbọ́n ṣe é, ohun tó bá wúwo máa ń wà ní etí, ohun tó bá fúyẹ́ ló ń wà láàárín. Seoul gan-an, orí òkè pàǹtí kọ́ ni wọ́n kọ́ àwọn ilé gogoro Digital Media City sí; ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Pánẹ́ẹ̀lì tó ń gba iná látara oòrùn náà bá àárín mu, torí wọ́n lè gbé e ka orí kọnkéré lásán láìgbẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n bá fi àwòrán hàn yín tí ilé alájà mẹ́wàá dúró sí góńgó òkè ààtàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà wọn bóyá òun fúnra rẹ̀ máa sùn níbẹ̀.

Nígbà míì, okòwò kì í dé rárá. Ní ìlú Carson ní California, ilẹ̀ ààtàn kan tó fẹ̀ tó éékà 157 wà láìlò fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n tì í láwọn ọdún 1960. Ètò lórí ètò ni wọ́n ti ṣe fún un. Lọ́dún 2015, wọ́n ní àwọn máa kọ́ pápá ńlá síbẹ̀ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà méjì, Chargers àti Raiders. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, àjọ NFL, tó ń darí eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, yan ìlú Inglewood dípò rẹ̀. Owó ìwẹ̀nùmọ́ irú ilẹ̀ yẹn ga, olókòwò sì máa ń ṣírò rẹ̀ kó tó ti ọwọ́ bọ̀wé. Ìjọba ìlú tó bá ti ka owó orí ilé-ìtajà tí wọn ò tíì kọ́ mọ́ owó tó fẹ́ ná lọ́dún tó ń bọ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ta ni yóò sanwó?

Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ìyẹn ló yẹ kó jẹ́ òfin, àmọ́ ó gba Amẹ́ríkà ní àjálù kan kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìlú Niagara Falls ní New York, ilé-iṣẹ́ Hooker Chemical da nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 21,000 ẹ̀gbin kẹ́míkà sínú kòtò gbọọrọ kan tí wọ́n ń pè ní Love Canal, láti 1942 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Wọ́n bò ó. Lọ́dún 1953, wọ́n ta ilẹ̀ náà fún ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìlú ní dọ́là kan ṣoṣo, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé títà náà pé kẹ́míkà wà níbẹ̀, pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ kò sí lọ́rùn àwọn. Wọ́n kọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn èèyàn ra ilé káàkiri etí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ka ìwé yẹn fún wọn.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, omi aláwọ̀ aláwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú jáde ní àjà ilẹ̀ ilé àwọn èèyàn. Àwọn obìnrin àdúgbò, tí Lois Gibbs ṣáájú wọn, kò dákẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1978, Ààrẹ Jimmy Carter kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì níbẹ̀, wọ́n sì kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé kúrò. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin Superfund jáde, tó fún ìjọba àpapọ̀ lágbára láti wẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, kó sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bà á jẹ́. Occidental, tó ra Hooker, gbà lọ́dún 1995 láti san dọ́là mílíọ̀nù 129 fún ìjọba. Ọdún yẹn kan náà ni àkókò owó orí tí òfin náà ń gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ epo àti kẹ́míkà tán, ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣòfin láti dá ti kẹ́míkà padà. Láàárín ìgbà yẹn, ibi tí wọn kò bá ti rí ẹni tó jẹ̀bi mú, àpò gbogbo aráàlú ló ń sanwó rẹ̀.

Ìtọ́jú wá ńkọ́? Òfin Amẹ́ríkà lórí ààtàn ìlú béèrè ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tì í, ti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù náà kò sì gbà kó dín ní ọgbọ̀n. Lójú mi, ọgbọ̀n ọdún yẹn ń bá àkókò iṣẹ́ àwọn akọ̀wé mu ju bí pàǹtí ṣe ń jẹrà lọ. Gáàsì lè máa jáde ju àádọ́ta ọdún lọ. Lóòótọ́, wọ́n lè rí nǹkan fi ṣe: gáàsì Nanjido ń mú pápá bọ́ọ̀lù àti ilé tó wà nítòsí rẹ̀ gbóná, ti ààtàn Freshkills ní New York ń wọ ilé àwọn ará Staten Island. Àmọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún ni gáàsì ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà àti páìpù ń gbó. Owó tó ń wọlé ń kéré nígbà tí owó àtúnṣe ń pọ̀. Ẹni tó bá sọ pé gáàsì á máa sanwó ìtọ́jú títí ayé kò tíì jókòó ṣírò rẹ̀.

Freshkills yẹn náà yẹ ní wíwò fún ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1948. Nígbà tó kún jù, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 29,000 pàǹtí ló ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n tì í lọ́dún 2001, wọ́n sì ní àwọn máa sọ gbogbo éékà 2,200 rẹ̀ di ọgbà. Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n tó ṣí ìpín àkọ́kọ́ inú North Park rẹ̀ fún gbogbo èèyàn, éékà 21 péré. Àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi rò pé ìlú tó dúró kí ilẹ̀ rì tán kó tó pe ọmọdé síbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Ohun míì wà tí kò sí nínú àwòrán: àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ààtàn kì í ṣe ilẹ̀ tó ṣófo. Àwọn tó ń ṣa irin, ike àti ìgò ń jẹun níbẹ̀, àwọn míì ń gbé níbẹ̀. Nígbà tí òkè pàǹtí Payatas wó ní ìlú Quezon City ní Philippines ní oṣù Keje ọdún 2000, ó lé ní igba èèyàn tó kú. Nígbà tí ti Koshe wó ní Addis Ababa ní oṣù Kẹta ọdún 2017, wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, kí wọ́n ti ààtàn pa dára, ó sì yẹ kó tètè yá. Ìbéèrè ni bóyá iṣẹ́ wà fún àwọn tó ń ṣà á nínú ètò tuntun náà, tàbí ọlọ́pàá nìkan ló máa bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò tó gbọ́ òórùn náà fún ọgbọ̀n ọdún náà ní ẹ̀jọ́ tiwọn: bí ọgbà bá dé, owó ilé á fò sókè, ayálégbé á kó jáde, ẹni tí kò gbóòórùn rí ló sì máa wá gbádùn atẹ́gùn. Àfi tí wọ́n bá ti fi ìdáàbòbò owó ilé sínú àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá pe ìpàdé aráàlú lórí irú ètò yìí ládùúgbò yín, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ igi àti àga gba gbogbo àkókò. Ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò omi abẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n sì sọ ibi tí wọ́n á máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ́dọọdún. Ẹ béèrè iye kànga tó ń ṣọ́ gáàsì ní ààlà ilẹ̀ náà, ní ìhà ilé yín, torí Loscoe. Ẹ béèrè bóyá ìkìlọ̀ nípa ohun tó wà nísàlẹ̀ á máa bá ìwé ilẹ̀ náà rìn láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ èkejì, kí ẹni tó bá fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ lógún ọdún sí i sì lè kà á ní èdè tó yé e. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi àpò owó ìtọ́jú hàn yín: iye tó wà nínú rẹ̀, ẹni tó ń bu ọwọ́ lù ú, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà bá wọko gbèsè lọ́dún kẹwàá. Bí wọ́n bá ní àwọn ṣì máa padà wá sọ ti owó yẹn, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin náà ṣì máa padà wá fọwọ́ sí i.